Ta Ni Wọ́n Ṣe Pápá Ajá Fún?

  

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ajá ọdẹ, kì í ṣe ajá Ògún, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èyí tó ń wọ ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìyẹn, ẹ ṣì fi mí sílẹ̀ ná. Pápá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: ilẹ̀ tí ará àdúgbò fi wáyà yí ká, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí ajá lè máa sáré níbẹ̀ láìsí okùn lọ́rùn. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe wí báyìí, ẹnì kan ti ń pòṣé níbì kan: “Àwọn ọmọ wa ò ríbi gbá bọ́ọ̀lù, ajá ni wọ́n ń wá pápá fún?” Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹni tí kò fẹ́ràn ajá rárá, tó jẹ́ pé bí ajá bá gbó lẹ́ẹ̀kan ó ti bọ́ bàtà sílẹ̀, òun gan-an ni mo fẹ́ fi hàn pé pápá náà wúlò fún jù.

Ìlú Berkeley ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìlú yunifásítì ni, ó dojú kọ San Francisco, omi ló là wọ́n láàárín. Àwọn ará ibẹ̀ kì í gba gbẹ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí wọ́n ń pè ní BART, àwọn tó ń ṣe é fẹ́ kí ojú irin gba orí afárá kọjá láàárín ìlú. Àwọn ará ìlú ní kò jọ ọ́, pé yóò pín ìlú àwọn sí méjì. Ní 1966, wọ́n dìbò pé kí wọ́n rì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀, àwọn fúnra wọn yóò sì san owó orí tí wọ́n fi máa ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wó ilé tó wà lókè rẹ̀. Lẹ́bàá òpópónà Hearst, ilé lọ, ilẹ̀ kù. Nígbà tí wọ́n bo kòtò tán, ilẹ̀ gbọọrọ kan ló ṣẹ́ kù síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi ṣe nǹkan kan.

Ẹ mọ bí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí: kì í pẹ́ kí ẹni tó ń wá ilẹ̀ tó rí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1969, ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ yunifásítì kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti sọ di People's Park. Yunifásítì fi wáyà yí i ká mọ́ wọn, ọlọ́pàá yìnbọn, ọkùnrin kan sì bá a lọ. Ni àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà bá ṣí wá sórí ilẹ̀ ojú irin yìí, wọ́n gbin òdòdó, wọ́n gbin ewébẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ibi ìnàjú. Láti ìgbà náà ni ará àdúgbò ti ń wò ó bí tiwọn, títí ìlú fi sọ ọ́ di páàkì gidi, tí wọ́n fi orúkọ àwọn Ohlone pè é, ìyẹn àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. Àwọn alájá wà lára àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà tó di 1979, wọ́n gé igun kan sọ́tọ̀ fún wọn, wọ́n fi wáyà yí i ká, wọ́n ní kí àwọn fi dán an wò. Wọ́n ṣì ń dán an wò títí dòní! Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ni pápá ajá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ Martha Scott Benedict, ọ̀kan nínú àwọn tó dúró tì í gbágbáágbá.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí nìyí: pápá kékeré ni. Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ lè má mọ̀ pé ẹ ti kọjá ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Kò sí òkúta mábù, kò sí omi tí ń tú jáde láti ẹnu kìnnìún. Àwọn tó ń lò ó ló kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n sì ń bá ara wọn wí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àsìkò yẹn ni pápá ajá dé? Láyé àtijọ́, bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa ló ṣe rí lọ́dọ̀ tiwọn náà: ilẹ̀kùn á ṣí láàárọ̀, ajá á jáde, á rìn yíká, á padà wálé nígbà tí ebi bá pa á. Nígbà tí mọ́tò pọ̀, tí ilé fún mọ́ ilé, ni òfin dé pé kí ajá má jáde láìsí okùn. Ní New York, òfin mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1978: ẹni tó ni ajá ni kó máa kó ìgbẹ́ ajá rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó. Lọ́yà àgbà tó wọ súùtù, tó so táì, òun ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, tó ki ọwọ́ bọ láílọ́ọ̀nù, tó ń ṣa ìgbẹ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò lè ṣeé ṣe láéláé. Ó ṣeé ṣe. Àwọn ìlú yòókù sì tẹ̀ lé e.

Àmọ́ okùn náà mú wàhálà tirẹ̀ dání. A ò dá ajá fún ìjókòó ojú kan. Ajá tí wọ́n ń fi okùn fà lójú pópó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n tún wá tì mọ́lé látàárọ̀ di alẹ́, á gé bàtà jẹ, á ya àga, á máa gbó títí aládùúgbò á fi gbé fóònù pe ọlọ́pàá. Níbi tí alájá ti ń wá ọ̀nà tí ajá á fi sáré, tí ẹni tí kò lájá sì ń wá ọ̀nà tí ajá ò fi ní dé ọ̀dọ̀ òun, ibẹ̀ ni wáyà ti bọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọlé. Géètì méjì ló máa ń wà, àyè kékeré kan sì wà láàárín wọn. Ẹ ó ṣí ti àkọ́kọ́, ẹ̀yin àti ajá yín á wọlé, ẹ ó tì í padà, ẹ ó gbọ́ kó dún kẹ́ẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹ ó tó tú okùn, kí ẹ tó ṣí ìkejì. Bó bá jẹ́ géètì ẹyọ kan ni, ẹni tó ń wọlé ló máa tú ajá ẹlòmíràn sígboro. Ìdí sì wà tí wọ́n fi ní kí ẹ tú okùn kí ajá tó dé àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ajá tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ti tú tiwọn mọ̀ pé òun ò lè sá. Ajá tí kò rọ́nà sá, ìjà ló kù fún un. Ọ̀pọ̀ ìjà tí ẹ ń gbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu géètì pápá ajá, okùn ló dá a sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti wọlé, gbogbo ajá tó wà níbẹ̀ á ya bo yín láti wá wo àlejò. Imú ni wọ́n fi ń kí ara wọn, ìdí ara wọn sì ni wọ́n ń gbóòórùn. Ẹ má rojú, bí wọ́n ṣe ń bèèrè ọmọ ta ni ọ́ nìyẹn. Èyí tó bá fẹ́ ṣeré á tẹ ọwọ́ iwájú méjèèjì mọ́lẹ̀, á gbé ìdí sókè, á máa ju ìrù. Mo ti rí ajá tó ga tó àgùntàn tó dọ̀bálẹ̀ báyìí fún èyí tí kò ju ológbò lọ, tí kékeré yẹn sì gun orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èyí tí ara rẹ̀ le gbagidi, tí ìrù rẹ̀ nà ró, tí kò ṣẹ́jú, ẹ tètè pe tiyín kúrò níwájú rẹ̀. Wọ́n tún máa ń ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ajá kéékèèké ní ọ̀pọ̀ pápá, nítorí eré ajá ńlá lè ṣẹ́ ajá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìsí ìjà kankan.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Èèyàn lè máa lọ síbẹ̀ lọ́dún kan gbáko kó má mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n orúkọ gbogbo ajá á ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Max ni ọkùnrin tó dé fìlà yẹn, Ìyá Bella ni obìnrin tó mú tíì dání. Yorùbá tó bá débẹ̀ á rò pé òun ò tíì kúrò nílé! Àwọn bàbá wa náà sì mọ̀ pé orúkọ ajá kì í ṣe ti ajá nìkan. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ nínú fún aládùúgbò, tí kò lè sọ ọ́ lójúkojú, á fi sọ ajá rẹ̀, á wá máa pè é níwájú ilé onítọ̀hún láràárọ̀: “Tanímọ̀la! Tanímọ̀la, máa bọ̀ ńbí!” Aládùúgbò tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí náà á ra ajá tirẹ̀ kó tó dọ̀la.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tí ń bẹ̀rù ajá.

Ẹ bi àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham ní London, àwọn ìyá tí ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ gba Burgess Park kọjá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pápá tí wọ́n fi wáyà yí ká fún ajá kò pọ̀ tó ti Amẹ́ríkà. Àṣà tiwọn ni pé ajá lè sáré láìsí okùn nínú ọ̀pọ̀ páàkì, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ni ín bá lè pè é kó sì dáhùn. Nítorí náà, ajá á máa já bọ̀ látọ̀ọ́kán, ìyá á gbé ọmọ mọ́ra, alájá á máa rẹ́rìn-ín bọ̀ lẹ́yìn: “Kì í buni jẹ o, eré ló ń ṣe!” Ta ló bèèrè ìwà rẹ̀? Ohun tí ìyá yẹn ń fẹ́ ni kí ó má dé ọ̀dọ̀ òun. Kò kórìíra ajá. Níbi tó gbé dàgbà, ajá tó bá sáré bọ̀ wá bá èèyàn kì í ṣe eré ló ń bá bọ̀. Alájá náà ò sì purọ́, ajá rẹ̀ kì í buni jẹ lóòótọ́. Àwọn méjèèjì jàre, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà kì í fi í tán nílẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti fi òfin yanjú rẹ̀. Òfin ọdún 2014 fún àwọn káńsù lágbára láti sọ ibi tí ajá ò gbọ́dọ̀ wọ̀ àti ibi tí okùn gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Láti 2016, gbogbo ajá ní England gbọ́dọ̀ ní ṣíìpù lábẹ́ awọ, tí wọ́n máa fi mọ ẹni tó ni ín. Ẹni tí kò bá kó ìgbẹ́ ajá rẹ̀ sábà máa ń san pọ́ùn 100 lójú ẹsẹ̀, bó bá sì di ti kóòtù, ó lè gòkè dé 1,000. Nígbà tí ọ̀rọ̀ irú ajá ńlá tí wọ́n ń pè ní XL Bully dójú ẹ̀, wọ́n ní láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ò gbọ́dọ̀ ní in nílé. Òfin wọ̀nyí ò burú. Ṣùgbọ́n òfin ò lè dúró lójú ọ̀nà páàkì lágogo mẹ́fà àárọ̀. Wáyà lè dúró. Wáyà ń fi ibi tí ajá mọ han ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò lè kàwé. Ẹni tó ṣe àlùwàlá tán tó ń lọ kírun, tí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun, á gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá láìsí ìfòyà. Àwọn kan ní England náà ti rí i: àgbẹ̀ tó ní pápá á fi wáyà gíga yí i ká, àwọn alájá á máa háyà rẹ̀ ní ààbọ̀ wákàtí, ààbọ̀ wákàtí. Owó ni wọ́n ń san fún ohun tí Berkeley fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó kù kí ẹ má baà rò pé mo ń polówó ọjà. Ibi tí ajá ti ń pàdé ajá ni àrùn ti ń pàdé àrùn. Parvo, tó ń mú kí ọmọ ajá máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, lè wà lórí ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má kú, òjò ò sì fọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Aràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Toxocara: ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ ajá jáde, bí ọmọdé bá sì fi ọwọ́ iyẹ̀pẹ̀ jẹun, ó lè dé ojú rẹ̀ kó bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyin náà kì í ṣe nǹkan lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè ran èèyàn. Ìgbẹ́ tí wọ́n bá kó nílẹ̀ lónìí ti bá ewu rẹ̀ lọ. Lọ́yà tó ń fi láílọ́ọ̀nù ṣa ìgbẹ́, iṣẹ́ dókítà ló ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, àrùn tó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ ni dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé èèyàn bí 59,000 ló ń pa lọ́dún, ní Áfíríkà àti Éṣíà jù lọ, ajá ló sì ń kó o ràn wọ́n nínú mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lára ọgọ́rùn-ún. Bó bá ti hàn lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oògùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó ń dènà rẹ̀ ti wà láti ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1885, nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Louis Pasteur fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, tí ajá bù jẹ, ní abẹ́rẹ́, tí ọmọ náà ò sì kú. Bí ajá àdọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lágbègbè kan bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rọ́nà gbà mọ́. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, àwọn dókítà ẹran sì sábà máa ń gún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín àsìkò náà. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, kó tó gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má fi epo pa á, ẹ má fi irun ajá náà dí i.

Ẹ wo ajá àwọn ẹ́sítéètì wa, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Èkó. Inú àgò irin ni wọ́n ń tì í mọ́ látàárọ̀, mẹ́gáàdì á tú u sílẹ̀ lálẹ́ kó lè máa fi ìbínú ọ̀sán ṣọ́ ilé. Ajá tó bá jáde lọ́jọ́ tí géètì ṣí sílẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé ló máa san gbèsè ìbínú náà. Ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì ló ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíráńsífọ́mà tàbí lẹ́yìn ilé ìpàdé; ìdajì pulọ́ọ̀tì níbẹ̀ tó láti fi ṣe pápá ajá. Wáyà, géètì méjì, bàsíà omi. Igi gbọ́dọ̀ wà, nítorí oòrùn wa kì í ṣe ti Berkeley. Ajá ò ní òógùn lára bíi tiwa, ahọ́n ló fi ń mí ooru jáde, tí wọ́n bá tú u sílẹ̀ lágogo kan ọ̀sán ó lè dákú. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni. Kí wọ́n máa gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eégbọn ló máa jogún ibẹ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ni kí wọ́n máa gbà wò lẹ́nu géètì. Ẹni tí ò ní in, kó mú Bíngò rẹ̀ padà sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ta ni yóò sanwó ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín. Lójú tèmi, alájá ni kó san án, gbogbo rẹ̀. Ẹ má bẹ ẹni tí ò lájá fún kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sínú ìgbìmọ̀, kó jẹ́ òun ni yóò máa mú kọ́kọ́rò géètì lọ́wọ́, kó máa ṣí i láàárọ̀, kó máa tì í lálẹ́. Alájá tó bá rí i pé wáyà ti ya á ní òun á tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí ajá ń bà lẹ́rù á pe wẹ́dà lọ́jọ́ náà gan-an.